Níbi Tí Ilẹ̀ Kì Í Ti Ṣú Tán

Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni ọ̀sán máa ń gùn jù lọ ní apá àríwá ayé. Lọ́jọ́ náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago 9:21 alẹ́, aago 4:43 ìdájí ló sì tún máa ń yọjú. Gbogbo òru ọ̀hún kò ju wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 22 lọ. Ká wá ní Mùsùlùmí kan fẹ́ gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ṣí fóònù rẹ̀ láti wo ìgbà tó yẹ kó gbé abọ́ sààrì kúrò nílẹ̀. Bí áàpù rẹ̀ bá ń lo ìlànà ìdajì òru, yóò sọ fún un pé aago 1:02 ni àfẹ̀mọ́júmọ́. Bó bá ń lo dìgírì 15, yóò ní 1:16 ni. Èyí tó mú dìgírì 18, tó fi pín òru ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, yóò sọ pé 2:30. Èyí tó ń lo dìgírì 12 yóò ní 2:40. Èyí tó pín òru sọ́nà méje, tó sì fi ìdá kan tó gbẹ̀yìn ṣe ìdájí, yóò ní ó di 3:40. Láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 38 ló wà níbẹ̀. Ẹni méjì lè máa gbé àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan ti kírun Àsùbáà tán kó ti padà sùn, kí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ọ̀rọ̀ ti wá di pé ta ni ààwẹ̀ rẹ̀ ṣe, ta ni ìrun rẹ̀ bọ́ sí àkókò.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀. Mùsùlùmí Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Glasgow kì í ṣe díẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní mọ́sáláṣí tiwọn ní Old Kent Road ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn, àti fún àwọn òbí tó ń pè wọ́n láti Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn àti Ìwó ní àsìkò sààrì, kò lọ́jú pọ̀ rárá. Sánmà ni Ọlọ́hun fi ṣe aago fún ìrun àti ààwẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára kàlẹ́ńdà, ìránṣẹ́ sánmà ni. Níbi tí àmì àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti ń hàn, ojú ni kó ṣe adájọ́, kí ìṣirò sì tẹ̀lé ohun tí ojú rí. Níbi tí àmì náà bá ti sọnù nígbà ooru, kí àwọn onímọ̀ àdúgbò jókòó díwọ̀n àkókò, kí wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà díwọ̀n rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi díwọ̀ndíwọ̀n tirẹ̀ sọ ààwẹ̀ ẹlòmíràn di òfo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Nínú Súrà kejì, ẹsẹ 187, Ọlọ́hun yọ̀ọ̀da jíjẹ àti mímu fún alááwẹ̀ títí tí fọ́nrán funfun ìdájí yóò fi yàtọ̀ sí fọ́nrán dúdú. Adiy ọmọ Hatim, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, gbọ́ èyí, ó mú okùn dúdú kan àti funfun kan, ó kì wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó wá ń yọjú wò wọ́n lóru bóyá wọ́n ti yàtọ̀ síra. Nígbà tó ròyìn fún Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Ànábì ṣàlàyé fún un pé dúdú òru àti funfun ọ̀sán ni Ọlọ́hun ń wí. Ìtàn kékeré yìí ti tó wa kọ́gbọ́n. Kò sí nọ́ńbà nínú rẹ̀, kò sì sí aago. Wọ́n ní kí èèyàn gbójú sókè wo sánmà. Àwọn onímọ̀ wá tún là á yé wa pé ìdájí méjì ló wà. Ti èké máa ń nàró gan-n-gan sókè bí ìrù ìkookò, lẹ́yìn náà yóò pòórá. Ti òdodo máa ń tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ níbi tí sánmà ti fẹnu ko ilẹ̀, á máa fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, á sì máa mọ́lẹ̀ sí i títí oòrùn yóò fi yọ. Ti òdodo yìí ló ń ti ilẹ̀kùn sààrì, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ìrun Àsùbáà.

Dìgírì tí gbogbo ènìyàn ń bá ara wọn jà lé lórí kò ju ìwọ̀n bí oòrùn ti jìn tó lábẹ́ ilẹ̀ lọ. Bó bá ti jìn tó dìgírì 18, òkùnkùn biribiri ni sánmà. Bó ti ń gòkè bọ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ aago inú mọ́sáláṣí àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Ibn al-Shatir, tó ń ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́sáláṣí ńlá Damásíkù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lò wà láàárín 17 sí 20. Ẹ wo ibi tí wọ́n dúró sí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n: Damásíkù, Bàgídáádì, Káírò, Kọ̀dóbà, tí kò sí èyí tó dé dìgírì 40 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé nínú wọn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí oòrùn ń lọ jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ lóròòru láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, nọ́ńbà wọn ṣe é gbára lé. Ìmọ̀ wọn jinlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bu ọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ní ojú sánmà tiwọn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn ti rí sánmà Glasgow.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa wà lọ́hùn-ún ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará ilé. Ní Èkó, tó wà ní nǹkan bí dìgírì 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ṣánṣán ni oòrùn ń wọlẹ̀, bí òkúta tí a jù sí kànga, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń gòkè bọ̀ lówùúrọ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà kan náà, ẹni tó ń lo dìgírì 18 ní Èkó yóò ní ìdájí dé ní nǹkan bí 5:17, ẹni tó ń lo 15 yóò ní ó di 5:30, oòrùn yóò sì yọ ní 6:33. Àríyànjiyàn wọn kò ju ìṣẹ́jú 13 lọ, àkókò tí èèyàn fi ń mumi, tó fi ń rin pákò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà ní dìgírì 51.5, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni oòrùn ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ òkè tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ òun. Ìyàtọ̀ dìgírì mẹ́ta yẹn, láti 15 sí 12, ti di ìṣẹ́jú 84. Dìgírì 18 fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, láti ìparí oṣù karùn-ún títí wọ ìparí oṣù keje, torí oòrùn kì í jìn tó bẹ́ẹ̀ ní àárín òru; lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà, kì í ju nǹkan bí 15 lọ. Ní Glasgow kì í dé 11 lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bá fi máa dé Tromsø ní Nọ́wè, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún nǹkan bí oṣù méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá dìgírì 18 ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kẹfà, ohun tí kò sí ló ń wá. Gbogbo ohun tí áàpù bá fún un nípò rẹ̀, díwọ̀ndíwọ̀n ni, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

Bẹ́ẹ̀ ìṣòro yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 921, Kálífà Al-Muqtadir rán ikọ̀ kan láti Bàgídáádì lọ sọ́dọ̀ ọba àwọn Bulgar létí odò Volga, ní ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ Rọ́ṣíà báyìí, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Glasgow dọ́gba ní ọ̀nà àríwá. Ahmad ibn Fadlan wà nínú ikọ̀ náà, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀ ní 922. Ó ní òun àti télọ̀ ọba, tí òun náà jẹ́ ọmọ Bàgídáádì, wọ inú àgọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ de ìpè ìrun Ìṣáì. Ọ̀rọ̀ wọn kò tíì lọ títí tí wọ́n fi gbọ́ ìpè. Bí wọ́n ti yọrí síta, ojúmọ́ ti ń mọ́. Ó bi ládàánì léèrè irú ìrun tó pè, onítọ̀hún ní Àsùbáà ni. Ó ní Ìṣáì wá ńkọ́? Ládàánì dá a lóhùn pé àwọn ń kí i pọ̀ mọ́ Màgàríbì. Ó tún sọ pé ó ti tó oṣù kan tí òun kò ti fojú kan oorun lóru, nítorí ẹ̀rù ń ba òun kí Àsùbáà má lọ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mùsùlùmí ti bá òru kúkúrú pàdé láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n sì ti wá ọ̀nà gbé e gbà láìfi ẹ̀sìn sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mọ́síhábù Hánáfì jiyàn lé ìrun Ìṣáì àwọn ará Bulgar yìí lórí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan ní bí àkókò ìrun kò bá sí, ìrun náà kò jẹ́ ọ̀ranyàn, bí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ kò ṣe ní ọwọ́ tí yóò fi omi àlùwàlá fọ̀. Àwọn mìíràn, Ibn al-Humam lára wọn, ta ko èyí: ìrun márùn-ún ni Ọlọ́hun pa láṣẹ fún gbogbo ẹrúsìn rẹ̀, àmì lásán ni àkókò jẹ́, àìrí àmì kò sì lè pa àṣẹ rẹ́. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn ni Hádíìsì Dàjáálì tó wà nínú àkójọ Muslim. Ànábì ti sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ nígbà Dàjáálì tí yóò gùn tó ọdún kan. Àwọn sàábé kò béèrè bí wọn yóò ṣe rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà, ìrun ni wọ́n béèrè: ṣé ìrun ọjọ́ kan yóò tó fún un? Ó ní rárá, kí wọ́n díwọ̀n rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Shihab al-Din al-Marjani, àgbà onímọ̀ ní Kazan, kọ odindi ìwé kan láti fi hàn pé Ìṣáì jẹ́ ọ̀ranyàn bí pípọ́n ojú ọ̀run kò tilẹ̀ lọ. Látinú àṣẹ kan ṣoṣo yẹn, pé kí a díwọ̀n, ni gbogbo ìlànà tí à ń lò lónìí ti jáde: ìdajì òru, ìdá kan nínú méje, ìlú tó sún mọ́ni jù tí àmì ti ń hàn. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì ti Rábítà, àjọ Mùsùlùmí àgbáyé, ní Mẹ́kà náà gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1980, wọ́n pín àríwá ayé sí ìpele-ìpele, wọ́n sì gbà kí àwọn tó wà lókè réré fi ìlú tí àmì rẹ̀ ṣì ń hàn ṣe òdíwọ̀n. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà tòun nìkan ló dé ọjà, kò tíì wo àwọn tó ti ń ná ọjà náà kí òun tó dé.

Àtakò tí mo mọ̀ pé yóò kọ́kọ́ jáde ni ti ìṣọ́ra. Wọn yóò ní, ṣebí ó dára kí èèyàn tètè dánu dúró, kó lo nọ́ńbà tó ga jù, kó má baà jẹun wọ ọ̀sán? Ní ti jíjẹ nìkan, mi ò bá ẹni náà jà. Bó bá wù ú kó gbé abọ́ sílẹ̀ ní aago kan òru, ààwẹ̀ rẹ̀ kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìṣọ́ra yìí mú lójú méjèèjì. Aago tó fi sọ pé sààrì ti parí náà ló fi ń sọ pé ìrun Àsùbáà ti wọlé. Gbogbo onímọ̀ ló sì gbà pé ìrun tí a kí ṣáájú àkókò rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́rùn ẹni. Ẹni tó kírun ní 1:20 torí ìṣọ́ra fún ààwẹ̀, tó sì padà sùn títí oòrùn fi yọ, ti fi ìrun ọ̀ranyàn rẹ̀ wewu nítorí oúnjẹ tí kò tíì di èèwọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ànábì fi ya ìpè méjì sọ́tọ̀ ní Mẹ̀dínà. Òru ni Bilal máa ń pè, kí olùsùn lè jí. Ànábì sì ní kí wọ́n máa jẹun lọ títí Ibn Umm Maktum yóò fi pè, afọ́jú tí kì í pè àfi bí wọ́n bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Òfin ẹ̀sìn tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iyèméjì kì í lé ìdánilójú kúrò nípò: òru ni òru títí ojúmọ́ yóò fi hàn gbangba.

Àwọn kan yóò ní kí a kúrò lórí gbogbo ìṣirò yìí, kí a kàn máa bá Mẹ́kà ṣínu, kí a máa bá Mẹ́kà dánu. Ilé-iṣẹ́ Fátíwà ní Íjíbítì ti yọ̀ọ̀da irú rẹ̀ níbi tí ààwẹ̀ bá ti kọjá wákàtí 18, nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ Saudi ti sọ láti 1978 pé níbikíbi tí oòrùn bá ṣì ti ń yọ tó sì ń wọ̀ láàárín wákàtí 24, kí wọ́n gba ààwẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, bó ti wù kí ọ̀sán gùn tó. Èmi rò pé ti Saudi ló sún mọ́ ẹ̀rí jù fún ìlú bíi Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó sọnù nìkan la ń wá. Ìdájí ló di ìrújú ní Lọ́ńdọ̀nù; wíwọ̀ oòrùn kò rújú, ọmọdé pàápàá lè fọwọ́ tọ́ka sí i. Báwo ni èèyàn yóò ṣe ṣínu ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì ń wò ó lójú? Tromsø ni ti Mẹ́kà àti ti ìlú tó sún mọ́ni ti bá a mu, torí níbẹ̀, àmì méjèèjì ló ti lọ.

Síbẹ̀, inú àánú ni ìmọ̀ràn pé kí a máa bá Mẹ́kà ṣínu ti jáde. Ìnira tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìtàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó dánu ní 1:02 yóò gba ààwẹ̀ fún wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 19 kó tó ṣínu. Ẹni tó dánu ní 3:40 yóò gbà á fún wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 41. Ẹni tó wà ní Èkó kò ní í kọjá nǹkan bí wákàtí 14. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ló jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru mọ́jú. Wákàtí méjì àtààbọ̀ tí nọ́ńbà tí kò bá sánmà mu gbà lọ́wọ́ wọn láìnídìí, ohun ńlá ni. Oúnjẹ àti oorun wọn ni. Ọlọ́hun sì ti là á sílẹ̀ nínú Súrà kejì, ẹsẹ 185, pé ìrọ̀rùn lòun fẹ́ fún wa, pé kí aláìsàn àti arìnrìn-àjò san án lọ́jọ́ mìíràn. Aboyún, ìyá ọlọ́mú, ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, àwáwí wọn wà nínú ìwé fíkíhì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ilẹ̀ náà tilẹ̀ ní ìtùnú tirẹ̀: nínú oṣù kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ààwẹ̀ ibẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ìgbà ooru bá ṣe ní ṣúta lè san gbèsè rẹ̀ nígbà òtútù, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Wọn yóò tún ní, ta ló lè rí ìdájí ní ìlú tí iná mànàmáná ti bo ojú ọ̀run, tí ìkùukùu kì í sì í kúrò lójú sánmà? Òótọ́ ni pé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣe é. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àlùfáà kan ní Blackburn, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún lọ wo sánmà níbi tí iná kò sí, wọ́n sì rí i pé dìgírì kan kì í dúró lójú kan láti ìgbà dé ìgbà. Ní Birmingham, iṣẹ́ àkànṣe kan tí wọ́n pè ní OpenFajr gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti máa ya àwòrán ìdájí káàkiri ọdún, wọ́n wá kó àwọn ìmáàmù àti onímọ̀ jọ láti jọ wo àwòrán náà kí wọ́n tó sọ pé ibi báyìí ni ojúmọ́ ti mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò di dandan kí olúkúlùkù jáde lóròòru. Bí àdúgbò kan bá wo sánmà dáadáa fún ọdún kan tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ yẹn yóò wúlò fún àwọn ọmọ wọn náà, torí oòrùn kì í yẹ àdéhùn. Lójú tèmi, àwòrán kan tí gbogbo ìjọ jọ fojú rí níyì ju nọ́ńbà mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀.

Ẹ̀rù tó kù ni ti àwọn tó ń sọ pé bí a bá ń yí nọ́ńbà padà, àwọn ọ̀dọ́ yóò rò pé ẹ̀sìn ló ń yí. Ẹ wo Indonesia. Muhammadiyah, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó tóbi jù lágbàáyé, ti ń lo dìgírì 20 fún Àsùbáà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ wọn wo sánmà, wọ́n ṣèwádìí, nígbà tó di òpin 2020 wọ́n gbà láti sọ ọ́ di 18, ìrun wọn sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sún síwájú. Kò sí mọ́sáláṣí tó wó nítorí ẹ̀. Ní Íjíbítì, tí kàlẹ́ńdà ìjọba wọn ń lo 19.5, àwọn onímọ̀ sánmà kan ti dúró nínú aṣálẹ̀ níbi tí kò sí iná, ohun tí ojú wọn rí sì sún mọ́ 15 ju 19.5 lọ. Bí àwọn tó wà níbi tí sánmà ti ṣókùnkùn dáadáa bá lè tún nọ́ńbà wọn wò, kí ló dé tí àwọn tó wà níbi tí nọ́ńbà ọ̀hún kò tilẹ̀ ti sí yóò máa fi búra?

Èyí ni mo rò pé ó yẹ ní ṣíṣe. Kí gbogbo mọ́sáláṣí tó bá ń tẹ kàlẹ́ńdà kọ ọ̀nà tó gbà ṣírò àkókò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní èdè tí ìyá àgbà lè kà: dìgírì mélòó, tàbí ìdá mélòó nínú òru, àti láti oṣù wo sí oṣù wo ni wọ́n ti lo díwọ̀ndíwọ̀n. Kí àwọn mọ́sáláṣí tó wà nínú ìlú kan fìmọ̀ ṣọ̀kan lé kàlẹ́ńdà kan lórí, bí àwọn kan ti ń gbìyànjú ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n sì ya àkókò ìdánu sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ìrun jámáà. Àfikún mi pàtàkì wà níbẹ̀. Ẹ padà sórí aago márùn-ún tí mo kà lókè. Wọ́n yàtọ̀ síra lórí ìgbà tí ìdájí bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 3:40 títí di 4:43 tí oòrùn yọ, kò sí èyí tí kò gbà nínú wọn pé àkókò Àsùbáà ti wọlé. Ìṣẹ́jú 63 gbáko nìyẹn, tí àríyànjiyàn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè dánu ní 1:02, ẹni tó bá fẹ́ lè dánu ní 3:30, kí gbogbo wọn sì tò sẹ́yìn lèmọ́ọ̀mù kan náà ní aago mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má ṣàníyàn lórí ìrun rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣì jìnnà. Òótọ́ ni pé Ràmàdáánì tó bọ́ sínú oṣù kẹfà ní 2015 àti 2016 ti kúrò níbẹ̀, kò sì ní í padà síbẹ̀ títí di nǹkan bí 2047. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Àsùbáà ìgbà ooru ń dé. Ààwẹ̀ Árafà bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ní 2024, ti Áṣúrà sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ní 2025. Ogún ọdún tó wà níwájú yìí tó láti wo sánmà, láti kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí má baà bá ìjà tí à ń jà níbẹ̀. Ládàánì àwọn Bulgar kò fi odindi oṣù kan sùn lóru nítorí kò fẹ́ kí ìrun kan bọ́. Kò ní dìgírì, kò ní fóònù. Sánmà tó wà lókè orí rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí àlejò láti Bàgídáádì, olú-ìlú ìmọ̀ ayé ìgbà náà, bi í léèrè, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àlàyé bẹ́ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà wa jẹ wá.